Ẹni Tó Dá Wa Lóhùn láti Ìgàndò

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ jàre, ẹ jókòó. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á dé nígbà tó bá wù ú. Mo ti ń wò yín lẹ́bàá ògiri yẹn láti àárọ̀, tí ẹ ń na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn, tí ẹ ń kùn pé Ẹgbẹ́dá ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́dá ò bàjẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà ni mo fẹ́ tú lónìí, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí mo ṣì lágbára, àwa kan wà ní àgbègbè yìí tí à ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kì í ṣe rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn ni mò ń wí. Rédíò tiwa ń gbọ́, ó sì ń sọ. Ìjọba ló ń fún wa láṣẹ, wọ́n á sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí yóò máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́, bíi nọ́ńbà mọ́tò. Kò sí èrè kankan níbẹ̀, ìfẹ́ lásán ni. Ìyàwó mi ní wèrè ni. Bí ẹ bá rí ọ̀pá irin gígùn tó yọ lókè ilé kan, tí wáyà fà á lọ́tùn-ún lósì, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ ibí yìí ò tíì kún nígbà náà. Láti orí òrùlé mi, mò ń rí oko ẹ̀gẹ́ títí lọ sápá Ìgàndò, àárọ̀ kùtùkùtù sì máa ń pa rọ́rọ́ débi pé ọ̀pọ̀lọ́ àti rédíò wa nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ wo ibẹ̀ báyìí. Òrùlé lórí òrùlé ni, jẹnẹrétọ̀ ń bú mọ́ jẹnẹrétọ̀.

Mùdà ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Ìgàndò, èmi àti ẹ̀ la jọ ń tún tẹlifóònù ṣe ní ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó ní ká máa lọ ilé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í fi ìrun ṣeré rárá. Tọ́máàsì ni ẹnì kẹta wa, ní Ìjẹ̀gùn. Ìjọ aláṣọ funfun lòun ń lọ, ó sì máa ń ka sáàmù kó tó tan rédíò. Mo ní ṣé rédíò náà ní ẹ̀mí èṣù ni? Ó ní kí n má fi ohun tí ojú ò rí ṣàwàdà.

Nígbà tó yá, Mùdà ra kọ̀ǹpútà àgbélétan àlòkù kan. Wọ́n ní àgbélétan ni, ṣùgbọ́n itan tó bá gbé e fún wákàtí kan, ẹ lọ wá ẹni tó máa wọ́ ọ. Èmi náà ra tèmi, Tọ́máàsì ra tiẹ̀. Ohun tí a fi wọ́n ṣe ni pé a so wọ́n mọ́ rédíò, kí lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá lè yọ lójú ẹ̀rọ Mùdà ní Ìgàndò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ará Ìgàndò, ẹsẹ̀ ló máa fi gbé e lọ.

Àpótí kékeré kan máa ń wà láàárín rédíò àti kọ̀ǹpútà. Kò lójú, iná wínníwínní kan ṣoṣo ló ní. Òun ló ń sọ lẹ́tà di igbe, tó tún ń sọ igbe di lẹ́tà. Wáyà tó so òun àti kọ̀ǹpútà pọ̀ ní eyín, eyín kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹnu kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wọ etí àpótí, ẹnu àpótí gbọ́dọ̀ wọ etí kọ̀ǹpútà. Bí o bá so ẹnu mọ́ ẹnu, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń gbọ́. Tọ́máàsì so ẹnu mọ́ ẹnu, kò mọ̀. Ó gbààwẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lórí, ó ta òróró sí wáyà. Mo lọ bá a, mo yí wáyà méjì padà, ẹ̀rọ fọhùn. Ó ní àdúrà òun ló gbà. Mo ní àmín.

Bí kò bá sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, ṣààà ni rédíò máa ń ṣe, bí òjò lórí páànù. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣààà yẹn á kọ́kọ́ dákẹ́ wẹ́lo, igbe á wá jáde, kírrr-wíìn, bí èkúté tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́tà á sì máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Iléyá, kí Mùdà tó fọwọ́ kan àgbò, ó ti kọ ọ́ sí wa: Ẹ KÚ ỌDÚN. Ẹ WÁ JẸRAN. A ó sì lọ. Ìyàwó rẹ̀, Àṣàkẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Rìsí, á ti ya itan kan sọ́tọ̀ fún èmi àti Tọ́máàsì. Lónìí, àwòrán àgbò lẹ fi ń ránṣẹ́ síra yín. Èwo nínú yín ló ti fi àwòrán jẹ ẹ̀bà rí?

A ní àṣà kan. Ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣèpà fún un, kí wọ́n fi yà á kúrò láàárín wọn. Mùdà gan-an ló ní kí àwa náà ní irú ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣe opó tán, a ó jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan, a ó kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ní dáhùn. Nígbà náà ni a ó kọ Ó DÀBỌ̀, a ò sì ní pe orúkọ náà mọ́ láé. A ti ṣe é fún àwọn kan. Mi ò rò pé n ó ṣe é fún Mùdà, torí mo jù ú lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú òjò, Mùdà jáde nílé, ó lọ kírun. Kò padà wálé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú mọ́sáláṣí ló ti ṣubú, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti parí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé n kò tan rédíò mi fún ìgbà pípẹ́.

Àṣàkẹ́ wọlé opó. Nígbà tó ṣe opó tán, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là. Tọ́máàsì wá bá mi ní Ẹgbẹ́dá níbí lọ́jọ́bọ̀ kan, a jókòó nínú yàrá iwájú yẹn, oòrùn ń ràn yòò. Mo tẹ orúkọ Mùdà. Ṣààà. Mo tún un tẹ̀. Ṣààà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìka mi ti ń lọ síbi tí n ó ti kọ Ó DÀBỌ̀.

Rédíò dákẹ́ wẹ́lo.

Èmi àti Tọ́máàsì wo ara wa, torí àwa méjèèjì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn túmọ̀ sí. Igbe náà wá. Orúkọ Mùdà yọ lójú ẹ̀rọ mi, MO WÀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tí kò lórí tí kò nídìí wá kún ojú ẹ̀rọ títí dé ìsàlẹ̀. Ṣààà padà. Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, nítorí náà nígbà tí Tọ́máàsì sá jáde, kò ní bàtà tó máa gbàgbé, ṣùgbọ́n ó gbàgbé fìlà, ó gbàgbé Bíbélì, ó gbàgbé èmi náà. Ẹ̀rù ba èmi gan-an. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ibi tí wáyà ti já, ẹ̀rù ò lè ní kó má wá a. Mo mọ̀ pé àpótí yẹn lè dáhùn fúnra rẹ̀ bí olówó rẹ̀ bá ti kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé Mùdà ò lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní irọ́ ni, kí ẹ̀rọ máa sọ pé òun wà nígbà tí òun ò sí.

Ó yẹ kí n ti dákẹ́ sí i, ṣùgbọ́n Tọ́máàsì ti gbé e dé Ìkòtún kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rìsí, ọmọ Mùdà, dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Àgbàdo ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká lọ. Màámi ti gbọ́ pé bàbá mi dáhùn. Wọn ò jẹun lánàá. Mo ti fẹ́ máa mú wọn lọ Àgbàdo láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe opó tán, wọ́n ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn àfi táwọn bá mọ ohun tí bàbá mi ń wí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Àlájì ti ní táwọn bá ti Jímọ̀ dé, wọ́n á hú ọ̀pá yẹn, wọ́n á sì kó ẹ̀rọ náà dà nù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àǹjọ̀nú nínú ilé bàbá àwọn. Tí wọ́n bá kó o kí màámi tó mọ ohun tó wí, màámi á jókòó sínú yàrá òfìfo yẹn títí tí wọ́n á fi kú."

Ọ̀kadà la gùn lọ. Ara Àṣàkẹ́ ti joro. Ó jókòó lórí àpótí ìtìsẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó káwọ́ lé itan. Kò pa ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti jáde. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé e, ọmọ oníbátìrì àdúgbò ló sì ń bá a fi iná sí i. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo yàrá, àfi ojú ẹ̀rọ náà, tó mọ́ bí àwo. Ó ń nù ún lójoojúmọ́ ni.

Ó ní, "Bàbá Ẹgbẹ́dá, ẹ káàbọ̀. Kí ló wí?"

Mo ní, "Ìyá Rìsí, ó ní òun wà. Èyí tó kù ò yé mi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Àlájì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ti múra mọ́sáláṣí. Ó ní, "Títí n ó fi dé nìkan." Kò bínú, ẹ̀rù ló ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun, gbogbo àwọn ọkùnrin àdúgbò rọ́ lọ. Láìpẹ́, ojú ọ̀nà dá páropáro nínú oòrùn, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Rìsí lọ di ẹrù ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì, bóyá Ọlọ́run á fi í sí i lọ́kàn láti tẹ̀ lé òun.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yọ wáyà, mo nu eyín rẹ̀, mo tún un kì bọ ihò rẹ̀. Ẹnu wọ etí, etí gba ẹnu. Ìyára àpótí àti ti kọ̀ǹpútà bára mu. Fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ wa nígbà náà. Mo pe Tọ́máàsì lórí fóònù, torí ó ní òun ò ní wọ ilé náà láéláé, mo ní kó pe orúkọ Mùdà láti Ìjẹ̀gùn. Mo gbọ́ tó ń ka sáàmù kó tó tẹ̀ ẹ́. Rédíò tó wà níwájú mi dákẹ́, iná àpótí tàn, igbe jáde láti inú yàrá tí olówó rẹ̀ ti kú. MO WÀ ló yọ lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wúruwùru. Bí rédíò ṣe ń kígbe, tí lẹ́tà yẹn ń dà jáde, mo fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, ó ta mí. Àṣàkẹ́ ò mira. Ó ní, "Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ló wúwo."

Ìtani yẹn ló là mí lójú. Rédíò tó ń kígbe gbọ́dọ̀ ní wáyà kan tó lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá ríbi lọ nínú ilẹ̀, agbára rẹ̀ á padà sínú àpótí, á da ọ̀rọ̀ rú. Mo tọ wáyà náà gba ojú fèrèsé jáde. Irin tí Mùdà gbá mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká ti gbẹ, ó ti là pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ìka mi wọ inú rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, búútà kan sì wà lórí rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Mo bi Àṣàkẹ́ pé, "Kí ló wà níbí?"

Ó yọjú láti fèrèsé. Ó ní, "Ibẹ̀ ni Bàbá Rìsí ti ń ṣe àlùwàlá. Láti ọjọ́ tó ti ṣe èyí tó ṣe kẹ́yìn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni."

Ẹ wò ó, mo dúró nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Gbogbo ọdún tí Mùdà fi ń bá wa sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mọ́ ju tiwa lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ń bi í pé oògùn wo ló lò, omi àlùwàlá rẹ̀ ni. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń bomi rin ilẹ̀ yẹn. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wá gbẹ ilẹ̀ náà, tó sì dí ọkọ lẹ́nu.

Mo sọ fún un pé omi ló kù. Ó ní, "A kì í kàn da omi síbẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ni, àlùwàlá ni n ó ṣe." Ó jáde, ó ṣí apẹ̀rẹ̀, ó pọn omi sínú búútà ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí òkúta náà. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ imú, ó bọ́jú, ó fọ apá, ó fi omi pa orí, ó fọ ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ń mu ún, ó ń dún ṣììì. Ó tún omi mìíràn pọn, ó dà á yí irin náà ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

A padà wọlé. Mo ní kí Tọ́máàsì pè é.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dé. Iná àpótí tàn. Mo fọwọ́ kan irin rédíò, kò ta mí. Lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ́ gaara, Àṣàkẹ́ sì ń kà wọ́n sókè bí wọ́n ṣe ń yọ, torí ó mọ̀wé dáadáa: MO WÀ NÍTÒSÍ. MO LỌ KÍRUN. DÚRÓ DÈ MÍ, N Ò NÍ PẸ́.

Ẹsẹ̀ Àlájì dún lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ti Jímọ̀ dé. Ó ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Lá iláhà ilaláhù."

Mo rò pé ó tọ́ kí n ṣàlàyé. Mo jókòó ti Àṣàkẹ́, mo ní, "Ìyá Rìsí, ẹ gbọ́. Àpótí yìí ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ yín kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó jáde yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá pè é, ohun kan náà ni yóò máa wí. Kì í ṣe òní ló sọ ọ́."

Ó ní, "Ó yé mi. Ṣé òun kọ́ ló kọ ọ́ ni?"

Mo ní, "Òun ni."

"Ṣé ó ti kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ rí?"

Mo ní rárá. Kò kọ ọ́ rí. Mùdà ní irọ́ ni.

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ tutù, irú èyí tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ìgbà òjò. Ó ní, "Ẹ pa á, Bàbá Ẹgbẹ́dá. Mo ti gbọ́. Àlájì, ẹ lè kó o." Èmi ni mo yọ wáyà bátìrì. Iná wínníwínní yẹn kú, gbogbo ariwo yàrá náà sì dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pe Rìsí, ó ní kó wá ọkọ̀, òun ti ṣe tán. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó ń sunkún. Ó bu oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Mo tiẹ̀ fi Tọ́máàsì ṣe yẹ̀yẹ́, Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àlàásárì tó, ó ní kí a jẹ́ kí òun kírun kí àwọn tó lọ. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó tutù. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wò ó. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dé, ẹni tó wà á fọn fèrè. Rìsí gbé báàgì méjèèjì, ó ní, "Màámi, kẹ̀kẹ́ ti dé o." Àlájì ní kó fi í sílẹ̀, kí ìyá rẹ̀ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán. A dúró. Ọyẹ́ ń fẹ́ etí ìborùn rẹ̀, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo dìde, mo lọ, mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo sì mọ̀.

Rìsí ju báàgì sílẹ̀, ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi. Òun ò sí nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yọ, kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, kí ni bàbá mi wí?"

Mo ní, "Ó ní òun ò ní pẹ́."